Ìyẹ́ Inú Agolo Dona Zuleide

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Dona Zuleide nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í sínú ọkọ̀ ojú omi láti erékùṣù Marajó, pé kó wá máa dáná nílé olówó ní ìlú Belém. Ní èbúté, bàbá náà fi ìyẹ́ ẹyẹ gúárà kan, pupa fòò, sí i lọ́wọ́. Inú agolo bísíkíìtì ló tọ́jú rẹ̀ sí láti ọjọ́ náà.

Èmi, aládùúgbò rẹ̀, ni mo máa ń bá a lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láti wo àwọn gúárà tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ rìn nínú ẹrẹ̀ etí adágún. Àárọ̀ wọ̀nyẹn mà dùn o! A ó ti jẹ èso ásàí àti gàrí yó, yóò wá máa sọ̀rọ̀ igi Marajó kan, tí gúárà máa ń bò látòkè délẹ̀ tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú.

Lọ́dún kan, ìjà dé. Kò sí ọmọ Marajó tí kò mọ̀ pé alákàn ló ń mú gúárà pupa; bí kò bá rí i jẹ, yóò ṣá. Dona Zuleide pe Orivaldo tó ń bọ́ àwọn ẹyẹ náà.

"Ìwọ, ta ló ń jẹ alákàn àwọn ẹyẹ yìí? O ò rí i bí wọ́n ṣe ṣá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dona Zuleide, wọ́n pupa dáadáa."

"Irọ́ lo ń pa! Ikùn rẹ tó yọ síta yẹn, kí ló wà ńbẹ̀?"

Mo wo àwọn ẹyẹ náà. Wọ́n pupa. Ṣùgbọ́n ta ni mí tí n ó bá ọmọ Marajó jiyàn lórí gúárà? Mo panu mọ́. Oṣù mẹ́fà ló fi bú ọkùnrin náà.

Níkẹyìn, ó gbé agolo rẹ̀ wá láti fi dójú tì í. Orivaldo ṣa ìyẹ́ tó já bọ́ nílẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ fi wé tiyín."

Dona Zuleide gbé méjèèjì sókè sí oòrùn. Ó wò wọ́n títí.

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," ló wí. "Méjèèjì ti ṣá." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Inú agolo sì ni tèmi wà. Ta ló lè jẹ alákàn rẹ̀?"

Ó yíjú sí mi. "Iolanda, o ti mọ̀?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ká ní a tètè wá ni, ojú rẹ̀ ìbá ṣeé tọ́jú. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ yẹn ń dùn mí dòní.

Dona Zuleide fọ́jú, ṣùgbọ́n a kò yé lọ sí ọgbà náà títí tó fi kú. Orivaldo, tí kò dé Marajó rí, á jókòó tì í.

"Wọ́n ti bà sórí igi, màmá. Wọ́n pupa gan-an."

"Pupa bí i kí ni? Sọ ọ́ dáadáa, ìwọ olè alákàn."