Wọ́n Ní Kí N Má Dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn kọfí àti ti ìwé àtijọ́ ló máa ń pàdé wa ní sínágọ́gù kékeré kan ní Berlin, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà bá ti yẹ báàgì wa wò. Màmá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Júù ni mò ń tọ́jú nígbà náà ládùúgbò Gesundbrunnen, èmi ni mo sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tì í lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé.

Inú ń bí mi lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Jẹjẹrẹ ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jà ní Hamburg, ọkọ rẹ̀ sì sọ fún ìjọ wọn pé Nàìjíríà ló lọ, ó ní kí èmi náà má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wò ó o, ọkùnrin yìí gan-an ni olórí àwọn afàdúràjagun níbẹ̀! Ó ní, “Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní àdúrà mi ò ṣiṣẹ́ nílé mi.” Orúkọ ara rẹ̀ ló ń tọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi á máa bi mí lórí fóònù pé, “Ìjọ ò tiẹ̀ béèrè mi?”

Nígbà tí wọ́n dé ibi àdúrà aláìsàn ní sínágọ́gù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ èèyàn wọn sókè láti ìjókòó, pẹ̀lú orúkọ ìyá aláìsàn, bí àwọn aládùúrà tiwa náà ṣe máa ń béèrè rẹ̀. Bàbá kan dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú ò sì tì í. Ni omi bá bọ́ lójú mi.

Màmá yíjú sí mi. “Ta ló ń ṣàìsàn nílé yín?”

“Wọ́n ní kí n má sọ, Màmá.”

“Ta wá ni ká gbàdúrà fún? Dárúkọ ẹ̀.”

Mo bá ké e jáde: “Fọláṣadé, ọmọ Àbẹ̀ní!” Àwọn tí kò mọ̀ wá rí ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìjọ wọn ní Hamburg. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà níwájú ìjọ, tó ń béèrè bóyá aláìsàn wà láàárín wa. Mo dìde.

“Ìyàwó yín ni, sà. Jẹjẹrẹ ni. Ilé ló wà.”

“Jókòó, I beg you!”

Àwọn màmá ìjọ ò dúró gbọ́ ìwàásù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbà lọ.

Ó kú kí òtútù ọdún yẹn tó parí. Àmọ́ èèyàn kún ilé rẹ̀ títí dé òpin, wọ́n ń kọrin fún un, wọ́n ń bá a jà pé kó jẹun. Ọkọ rẹ̀ ní mo tú àṣírí ilé òun. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tú u. Àwọn oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi fi dá jókòó, tó rò pé wọ́n ti gbàgbé òun, ni mi ò tíì lè gbé kúrò lọ́kàn. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò dákẹ́ o. Ọkọ rẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́.