Bátìrì Ìyá Mi

Nígbà tí ìyá mi kó wá sọ́dọ̀ wa ní Kubwa, àpò méjì ló gbé dání: ọ̀kan kún fún aṣọ, èkejì kún fún oògùn. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra. Oògùn tó ń gún lábẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù, iná ìjọba sì ń lọ bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Ni mo bá ní kí a ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fa iná láti inú bátìrì.

Oníṣẹ́ iná tó wá, ọmọ Ọ̀ṣun, kò kọ́kọ́ dárúkọ bátìrì rárá. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ máa lò àti iye wákàtí.

"Fáànù," ni ìyàwó mi wí. "Ẹ kọ tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá náà o, nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

"Ẹ kọ áyọ́ọ̀nù tiẹ̀ náà," ni mo fi dá a lóhùn.

Oníṣẹ́ iná rẹ́rìn-ín. "Áyọ́ọ̀nù kẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò lo nǹkan kan. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí tèmi."

Èmi ni mo ní kó kọ fíríìjì kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀. Ó ro ó pọ̀, ó ní bátìrì mẹ́rin. Mo ní méjì ti tó.

"Ọ̀gá, bátìrì kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀ tí ẹ ó fi òkèlè nù mọ́. Ìdajì ni kí ẹ máa lò. Pẹ̀lú méjì, ó ti kú kó tó di ọ̀sán."

Mo taku. Méjì la rà. Àbí kí lẹ rò? Lójoojúmọ́, iná á lọ láàárọ̀, bátìrì méjì náà á sì gbé wa dé ìrọ̀lẹ́. Ẹnu mi kò gba ilé mọ́.

"Ẹ wo onímọ̀ ìṣirò," ni ìyàwó mi ń pè mí.

Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ṣúgà ìyá mi ń ga sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tètè dé láti ibiṣẹ́. Kò síná, fáànù ń yí. Mo ṣí fíríìjì kékeré kí n mu omi. Inú rẹ̀ gbóná. Wọ́n ti pa á.

"Ìyá mi, ta ló pa fíríìjì?"

"Èmi ni. Mo máa ń pa á tí iná bá ti lọ. Oníṣẹ́ iná ṣáà ní bátìrì ò tó. Ṣé nítorí oògùn èmi arúgbó ni ooru á fi pa àwọn ọmọ?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Àṣé fíríìjì tó ń pa ni bátìrì méjì fi ń gbé wa dé ìrọ̀lẹ́; oògùn rẹ̀ ni mo ti ń fi yangàn.

A ra oògùn tuntun ní Wuse. Oníṣẹ́ iná gbé bátìrì méjì sí i wá, ó sì kọ fíríìjì sókè pátápátá nínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀ mo mọ ìyá mi: á tún pa á. Ìyàwó mi ló gbọ́n. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ni bátìrì yìí o. Àwa kàn ń bá yín lò ó ni."

Ìyá mi wo àwọn bátìrì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mà."

A ò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Ta ló ń fi bátìrì mi wo bọ́ọ̀lù?"

Èmi ọ̀gá ní ibiṣẹ́, màá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Á rìn lọ ṣí fíríìjì rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgò oògùn.

"Ó tutù. Máa wò ó."