Ojúọlá Oníjìtá àti Ọ̀nà Òró-Àgọ́

Ojúọlá kì í lè jókòó sójú kan. Kódà bí ó bá jókòó, tí jìtá wà lórí itan rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹsẹ̀ tèmi lórí máṣínì ìránṣọ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òmù-Àrán ni ilé òun àti ọkọ rẹ̀ kọjú sí, nítorí náà èmi ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀ bí kò bá sí nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí n kò rí i pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ̀ pé ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ nìyẹn, jìtá lẹ́yìn, ó ti dorí kọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ.

Àwọn kan ní orí rẹ̀ ò pé. Irọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni mo fẹ́ sọ, bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi, àti ìwọ̀nba tí èmi náà fi ojú ara mi rí.

Òró-Àgọ́ ni wọ́n bí i sí. Bámigbóyè, baba rẹ̀, jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Ọmọ méjì péré ló dúró fún un: Sámúẹ́lì ni ẹ̀gbọ́n, Ojúọlá ni àbúrò. Sámúẹ́lì ló ni jìtá. Agùnbánirọ̀ kan tó wá kọ́ wọn ní ìṣirò ló fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Jìtá ọ̀hún ti gbó, ikùn rẹ̀ ti sán, àmọ́ Sámúẹ́lì sọ ọ́ di ohun tó ń fọhùn. Bí okùn rẹ̀ bá já, á lọ tú wáyà bíréékì kẹ̀kẹ́, á fa fọ́nrán kan yọ nínú rẹ̀, á fi so ó. Nítorí wáyà yẹn, ohùn jìtá náà máa ń ha díẹ̀, bí ẹni tó sunkún tán tó wá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Oko ló ti kọ́ àbúrò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ebè títí tí oòrùn fi mú, wọn a sinmi lábẹ́ igi kaṣú. Sámúẹ́lì ní orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Á máa ta jìtá, á sì máa fi súfèé gbè é: ohùn náà á gòkè, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan, á wá rọra já wálẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọn ò fi kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, wọn ò sì ta á níwájú Bámigbóyè.

Ìgbà òjò ni àìsàn kọ lu ìyá wọn. Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò lè dìde mọ́. Òjò ti ba ọ̀nà Òró-Àgọ́ jẹ́, ọkọ̀ kankan kò sì wọlé lọ́jọ́ náà. Sámúẹ́lì yá alùpùpù ará àdúgbò kan, ó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó kọrí sí ilé ìwòsàn ní Òmù-Àrán. Kòtò lọ́tùn-ún, ẹrẹ̀ lósì. Wọn ò tíì dé títì tó fi mọ̀ ọ́n lára pé orí ìyá rẹ̀ wúwo lé òun lẹ́yìn. Ó pè é, kò dáhùn. Ó yí alùpùpù padà, ó gbé e wálé nínú ọ̀já kan náà.

Bámigbóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo pa á. Bí o bá rọra gùn ún ni, ì bá débẹ̀ láàyè."

Sámúẹ́lì tú ọ̀já, ó gbé ìyá rẹ̀ wọlé. Ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀, ó bá wọn sin ín. Lẹ́yìn náà ó gbé jìtá lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi mú un," ó sì bá ọ̀nà lọ. Ojúọlá rò pé ó fẹ́ lọ tu ara rẹ̀ nínú ni. Ṣùgbọ́n iṣu ọdún yẹn ta, wọ́n wà á, ti ọdún kejì náà ta, kò padà. Àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé Èkó, bí wọ́n bá wálé ṣọdún, àwọn kan nínú wọn á ní àwọn rí i ní Mushin. Àwọn mìíràn á ní ó ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Kò sí èyí tó dájú.

Láti ìgbà náà ni ara Ojúọlá kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ó bá wà lóko, ilé ni ọkàn rẹ̀ wà. Bó bá délé, á tún máa wo ojú ọ̀nà. Ìgbà tó bá gbé jìtá nìkan ni àyà rẹ̀ máa ń rọ̀, ìyẹn náà kì í sì í pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ sí orin. Ìlà kan ni yóò kọ, yóò tún un kọ bí ẹni tí a kò gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́, yóò wá fi ìlà kẹta dáhùn:

Mo bi ọ̀nà léèrè, ọ̀nà ò fọhùn,
Mo ní mo bi ọ̀nà léèrè, ọ̀nà ò fọhùn o,
Ọ̀nà tó gba ìyá lọ́wọ́ mi, òun náà ló gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ó kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Alàgbà kan pè é sẹ́yìn, ó ní, "Arábìnrin, orin rẹ yìí ń ba ọkàn àwọn èèyàn jẹ́."

Ojúọlá ní, "Ó ti bàjẹ́ kí n tó dé, sà."

Ibi ìsìnkú kan tí wọ́n pè é sí láti wá kọrin ni Ọlánípẹ̀kun ti rí i. Kápẹ́ńtà ni Ọlánípẹ̀kun, òun ló kan pósí òkú náà, ó sì dúró gbọ́ orin lẹ́yìn tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, Ojúọlá kìlọ̀ fún un.

"Èmi kì í gbélé o."

"Mo ti gbọ́," ni Ọlánípẹ̀kun wí. "Èmi máa ń gbélé. Ẹnì kan á ṣáà máa wà nílé."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ra nìyẹn, tí wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí, tó ti wà nílé ọkọ báyìí. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ojúọlá ń lọ, ó ń bọ̀. Á lọ ta jìtá ní Èsìẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ, á ti ibẹ̀ gba Àjàṣẹ́-Ìpo, á dúró sí ibùdókọ̀ níbi tí ọkọ̀ Ìlọrin àti ti Ọ̀ffà ti ń kó èrò, á máa wo ojú àwọn ọkùnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀gbọ́n òun lòun ń wá. Ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń bèèrè lọ́wọ́ mi pé, "Irú obìnrin wo ló ń pọn igi kiri?" Èmi á ní kí ìyá ṣe sùúrù.

Nígbà tó yá, Bámigbóyè dùbúlẹ̀ àìsàn. Ojúọlá lọ tọ́jú rẹ̀ ní Òró-Àgọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń fún un ní ògì mu, baba náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Bí o bá rí i, sọ fún un pé ọ̀nà ló pa ìyá rẹ̀. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn." Kò tún sọ nǹkan mìíràn tó nítumọ̀ títí ó fi kú.

Ìgbà yẹn ni ìrìn Ojúọlá wá di iṣẹ́ tí a rán an. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń lọ tí ó bá wù ú. Ní báyìí, kò lè má lọ. Ó tún dé àwọn ibi tí kò dé rí, títí dé Ṣàáré. Ibẹ̀ ló ti pàdé Jàrátù, obìnrin oníṣòwò ìrẹsì tó ń sọ Nupé àti Yorùbá, tó fún un ní yàrá sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí Jàrátù ti ń fẹ́ ìrẹsì, Ojúọlá jókòó tì í, ó ń ta orin tí kò ní ọ̀rọ̀ yẹn láti fi ṣí ọwọ́.

Jàrátù gbé atẹ sílẹ̀. "Ibo lo ti mọ ìyẹn?"

"Oko baba mi ni, Àǹtí. Kí ló dé?"

"Ọkùnrin kan máa ń fi súfèé sú u. Fọganáísà ni, ní Gánmọ̀, níbi tí ọkọ̀ ìrẹsì wa ti máa ń lẹ táyà. Ojoojúmọ́ ni ó ń sú u. Mo ti ní kó fi ọ̀rọ̀ sí i, ó ní kò lọ́rọ̀."

Ojúọlá kò dúró jẹun. Ó sọ fún mi pé láàárín Ṣàáré sí Gánmọ̀, òun kò mọ ẹni tó jókòó ti òun, òun kò sì mọ̀ bóyá òun san owó ọkọ̀.

Gánmọ̀ ni àwọn òpó iná ńláńlá wà, wáyà wọn ń kùn lókè bí oyin. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá títì, ó rí òkìtì táyà àti ọkùnrin kan tó ti ń hewú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n omi, tó ń ri túùbù bọ̀ ọ́ láti wá ojú ibi tó lu. Kò dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó jókòó sórí táyà, ó fa jìtá síwájú, ó ta orin náà títí dé ibi tí ó ti máa ń dúró. Ó sì dúró níbẹ̀.

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró nínú omi. Kò gbé orí sókè. Súfèé rẹ̀ ló parí orin.

"Ta ló kọ́ ẹ?" ló bèèrè.

"Ẹ̀yin ni, Bùọ̀dá mi." Ìgbómìnà ló fi dá a lóhùn, kì í ṣe Yorùbá tí à ń sọ fún àlejò.

Sámúẹ́lì dìde, túùbù náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan jáde láti inú ilé, ó gbé omi wá fún àlejò. Asisat ni, ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹni tí Ojúọlá jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi náà nù. Ó ní, "Àhmádù sọ fún mi pé òun ò lẹ́nì kankan láyé." Àhmádù ni gbogbo Gánmọ̀ mọ̀ ọ́n sí.

"Wọ́n ní ẹ lọ sí Líbíà," ni Ojúọlá wí.

"Mi ò lọ ibì kankan. Gánmọ̀ níbí ni mo dúró sí. Mo ń rí ọkọ̀ Òmù-Àrán tó ń kọjá lójoojúmọ́."

Inú ló wá bí Ojúọlá, inú tí kò bí i rí. "Ẹ ń lẹ táyà ọkọ̀ tó ń lọ sílé wa, ẹ ò sì fi 'ẹ kú ilé' lásán rán wọn?"

"Mo máa ń fẹ́ ránṣẹ́. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí n óò sọ, ọkọ̀ á ti lọ."

Ojúọlá ní baba wọn ti kú, ó sì jíṣẹ́ rẹ̀ fún un, bí baba ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Láti ìgbà ikú Bámigbóyè ló ti ń ro bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí: bóyá Sámúẹ́lì á sunkún, bóyá á dì mọ́ òun. Sámúẹ́lì kàn bu omi sínú àwo, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀? Ó ṣeun." Ó wọlé lọ múra.

Wọ́n jọ lọ sí Òró-Àgọ́. Níbì kan lójú ọ̀nà, níbi tí kò sí ilé kankan, Sámúẹ́lì ní kí awakọ̀ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sínú koríko fún ìgbà díẹ̀, ó tún wọlé padà. Awakọ̀ rò pé ó lọ tọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ojúọlá fura pé ibẹ̀ ni ìyá wọn ti kú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n sin ìyá àti baba wọn sí, Ojúọlá na jìtá sí i.

Ó mi orí. "Mo ti pa á tì tipẹ́. Tìẹ ni."

Lọ́jọ́ kejì ó padà sí Gánmọ̀. Ibẹ̀ ló ṣì wà, ó sì ń pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì.

Gbogbo wa rò pé ó tán nìyẹn. Ojúọlá náà rò bẹ́ẹ̀. Ó fi jìtá kọ́ ògiri, ó ní òun yóò gbélé. Ní ìgbà òjò yẹn, mo rí i bó ṣe ń gbá ojúlé tó ti gbá, tó ń fọ ìkòkò tó mọ́. Ó ń rù. Bí mo bá bèèrè, á ní kò sí nǹkan tó ń dùn ún, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Ó ti rí ẹni tó ń wá; ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló fòpin sí i. Mo wà lẹ́nu máṣínì mi, mo gbọ́ ọ nígbà tó sọ pé, "Ìyá Ọpẹ́, kí lo ń wá báyìí?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá Ọpẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá sọ fún yín."

"Ó dáa. Lọ máa wá a. Ilé ń run ọ́."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Ojúọlá lọ sí Èsìẹ́, ó sì padà wá pẹ̀lú orin tuntun. Orin ti báyìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́. Ìdúró àti ìrìn nìkan ló ń kọ. Mo fẹ́ràn wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ wọn, n kì í lè ránṣọ dáadáa títí ọjọ́ á fi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ìlọrin wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún un pé àwọn èèyàn dúdú òkè òkun ní orin tó jọ èyí, wọ́n ń pè é ní búlúùsì.

Ojúọlá rò ó wò. "Ṣé ọ̀nà tiwọn náà ò dáa ni?" ló bèèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ojúọlá kò rẹ́rìn-ín, ó ń retí èsì.

Oṣù tó kọjá, mo lọ ra aṣọ ní Ìlọrin, mo sì rí i ní ibùdókọ̀ Àjàṣẹ́-Ìpo nígbà tí mo ń bọ̀. Mo ní kí a jọ máa lọ sílé, pé àyè ṣì kù nínú ọkọ̀ wa. Ó ní, "Ìyá Helen, ẹ bá mi kí Bàbá Ọpẹ́. Ẹ ní mò ń bọ̀." Ó yíjú sí agbèrò, ó bi í pé ọkọ̀ wo ló máa kọ́kọ́ gbéra.

"Ọ̀ffà ni, màmá."

Ó wọ ọkọ̀ Ọ̀ffà.