Wilda Tó Ń Kàwé fún Àwọn Aṣòfin

Wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà ló fi ẹ̀rọ kékeré kan sí etí ọ̀tún Àǹtí mi, Wilda Cutlip, àti pé ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ sí i létí ló ń kà jáde nílé aṣòfin. Ní ilé epo tó wà lẹ́bàá odò, wọ́n ní kì í ṣe Ṣáínà rárá, ẹ̀mí òkùnkùn ló gùn ún níwájú gbogbo sẹ́nétọ̀, tó sì fi ohùn ọkùnrin sọ̀rọ̀ odidi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ọ̀gbẹ́ni kan lórí rédíò, tí iléeṣẹ́ èédú Brannock ń sanwó ìpolówó fún, tún ní òun mọ ẹni tó rí Wilda nídìí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ojú ìwé kan kún òfin ìjọba, tí búrẹ́dì àgbàdo rẹ̀ sì ń jóná lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú gbogbo rẹ̀, búrẹ́dì jíjóná yẹn nìkan ni mo lè gbà gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú mi, ṣùgbọ́n Àǹtí Wilda kò mọ oúnjẹ sè. Ẹ̀wà rẹ̀ le bí ọta ìbọn.

Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kíkàwé sókè. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, nínú ilé olórùlé wúrà tí wọ́n fi owó orí àwọn awakùsà kọ́. Kí àbá tó di òfin, wọ́n gbọ́dọ̀ kà á sókè níwájú ilé. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sábà máa ń ní kó kà. Ṣùgbọ́n bí sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo bá dìde pé gbogbo rẹ̀ lòun fẹ́ gbọ́, akàwé á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró àfi bí gbogbo ilé bá fẹnu kò. Akàwé kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ nínú rẹ̀. Bó bá ti inú ara rẹ̀ sọ gbólóhùn kan lórí ọ̀rọ̀ òfin, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Nídìí tẹ́tẹ́ bíńgò ni wọ́n ti rí i. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń pe nọ́ńbà ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, ohùn rẹ̀ á sì já gaara dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Sẹ́nétọ̀ àgbà kan tó wá tọrọ ìbò gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹni tó lè mú kí igba arúgbó dákẹ́, á mú kí àwa náà dákẹ́." Ó tan ara rẹ̀ jẹ. Àǹtí ń kà, àwọn ọlọ́lá ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù, wọ́n ń fi ìka họ inú etí.

Àrùn kan tún ń ṣe é: kò lè rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á. Ara agolo ọbẹ̀, ẹ̀yìn ìgò oògùn, gbogbo rẹ̀ ló ń kà. Nígbà tí bàbá ìyá mi kú, wọ́n ní kó ka ètò ìsìnkú. Ó ka orin, ó ka àdúrà, ó ka orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, ló bá tún ń bá a lọ láìmí: "Ilé ìtẹ̀wé Hotchkiss ló tẹ ìwé yìí, ẹ pè wá fún káàdì ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí."

Ìyá mi fi ìgúnpá gún un. "Wilda! Òkú bàbá wa ló wà níwájú rẹ o!"

"Ó wà nínú ìwé," ni Àǹtí wí.

Denzil lọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa èédú fún Brannock nísàlẹ̀ ilẹ̀, nígbà tó sì jáde, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ gba imú tọ̀sán-tòru. Denzil ń pe ẹ̀rọ náà ní ìyàwó kejì. Á ní, "Eléyìí dáa ju ìyáálé lọ. Kì í sùn, kì í sì í se ẹ̀wà." Ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ pé kí Brannock máa sanwó ẹ̀rọ náà títí Denzil yóò fi kú. Bí Brannock bá dáwọ́ dúró, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ. Bí wọ́n bá sì gbé ẹ̀rọ lọ, èémí bíi mélòó ló kù fún Denzil? Dókítà kò fẹ́ sọ, àwa náà kò béèrè.

Sẹ́nétọ̀ Thayer Lockridge mọ gbogbo èyí. Ó wá sílé wọn nígbà ìbò, ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó sì jẹ abọ́ ẹ̀wà Àǹtí mẹ́ta, ó ní ó dùn. Ibẹ̀ ló ti yẹ ká mọ̀ pé òpùrọ́ ni. Ó di ọwọ́ Denzil mú níwájú àwọn ayàwòrán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí, ẹ̀yin náà á máa mí." Denzil sunkún. Àwòrán náà jáde, ìbò wọlé. Láti ìgbà yẹn, ilé ìgbafẹ́ Brannock nínú igbó ni Lockridge ti ń pa àgbọ̀nrín, ọkọ̀ Brannock ló ń gbé e kiri, ọtí Brannock ló ń mu. Mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, màá sì fẹ́ ju bàtà lù ú.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ìjókòó ilé lọ́dún náà, àbá òfin mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà lórí tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é: wọ́n á kó o jọ di ọjọ́ ìkẹyìn, kó lè pọ̀ ju ohun tí ojú lè kà lọ. Láàárọ̀, Àǹtí ń to ojú ìwé wọn, ó bá dé orí èyí tí Lockridge gbé wá. Orúkọ rẹ̀ ni Òfin Ìtùnú Awakùsà. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Èyí tó jẹ́ kí wọ́n da ìdọ̀tí sódò wa, Òfin Omi Mímọ́ ni wọ́n pè é. Èyí tó ti ilé ìwòsàn wa pa, Òfin Ìlera Gbogbo Ilé. Bí òfin wọn bá ti ní orúkọ tó dùn, di àpò rẹ mú.

Ojú Àǹtí bọ́ sí apá kẹrin: iléeṣẹ́ kankan kò ní san owó ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ fún awakùsà tó bá ti fẹ̀yìn tì ju ọdún márùn-ún lọ, ohun yòówù kí ilé ẹjọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Denzil ti fẹ̀yìn tì.

Àǹtí tún apá kẹrin kà. Kò lè pariwo, kò lè pe oníròyìn. Bó bá pàdánù iṣẹ́, ìdójútòfò tó ń san oògùn Denzil á bá a lọ. Bí wọ́n bá sì kàn ka orúkọ òfin náà, tí wọ́n dìbò, ó parí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí ẹnì kan dìde kó ní òun fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sán, ó bá Sẹ́nétọ̀ Ottilie Fansler nílé ìyàgbẹ́ àwọn obìnrin. Màmá olóko màlúù ni, ẹni ọgọ́rin ọdún, tó ń wọ bàtà oko wá sílé aṣòfin. Àwọn méjì ń fọwọ́.

Àǹtí ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọ̀fun mi ń yún mi lónìí."

"Lọ mu tíì."

"Kì í ṣe èyí tí tíì ń wò, Mà. Ó pẹ́ tí mo ti ka òfin kan tán ni."

Màmá Fansler pa omi. Ó wò ó nínú dígí. "Èwo nínú wọn?"

"Èmi kọ́ ni mo máa sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Wilda, mo ti gbẹ̀bí màlúù tó pọ̀ ju ènìyàn inú ilé yìí lọ. Mo mọ ìgbà tí nǹkan bá há. Ṣé ká tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

"Lẹ́yìn oúnjẹ, Mà. Kété lẹ́yìn oúnjẹ. Ìgbà tí wọ́n bá ti yó."

"Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ọ́," ni màmá wí, ó sì nu ọwọ́ sára aṣọ.

Wọ́n yó lóòótọ́. Lockridge gbé Ìtùnú Awakùsà dìde, Àǹtí ka orúkọ rẹ̀, Ààrẹ Ilé na ọwọ́ sí òòlù láti ní kí wọ́n dìbò. Fansler dìde.

"Kí wọ́n kà á. Gbogbo rẹ̀."

Gbogbo ilé kérora. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ìyá àgbà, ẹ lọ sùn!"

"Mo ti sùn. Ìwọ ló kàn," ni ó dá a lóhùn.

Lockridge rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kó kà á. Ìwé kíkà kò pààyàn rí." Òun náà kò kà á rí, ohun tó fà á nìyẹn. Àwọn tó kọ òfin wa kò sí nílé aṣòfin, àwọn tó sì wà nílé aṣòfin kì í ka òfin. Lọ́yà Brannock ló kọ ọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ odindi, àwọn òṣìṣẹ́ Lockridge sì tẹ̀ ẹ́ odindi.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kejì: "Àwa ènìyàn ìpínlẹ̀ kọ-orúkọ-ìpínlẹ̀-rẹ-síbí, tí ire àwọn awakùsà jẹ lógún..." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀pà ń lọ lẹ́nu. Ojú ìwé kẹta: "Gómìnà ìpínlẹ̀ kọ-orúkọ-ìpínlẹ̀-rẹ-síbí yóò buwọ́ lù ú kíákíá." Oníròyìn kan gbé orí. Nígbà tó fi máa dé ìgbà karùn-ún, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lókè níbi tí àwọn ará ìlú ń jókòó sí. Mo wà níbẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ wa. Wọ́n gbàgbé láti fi orúkọ wa sí àyè tí lọ́yà fi sílẹ̀; ìpínlẹ̀ tuntun la wà, a kò mọ̀.

Ó ka apá kẹrin. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àwọn opó awakùsà wà láàárín wa.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ojú ìwé kọkànlá. Mo rí i tó dákẹ́. Èémí kan péré ni, ṣùgbọ́n mo mọ Àǹtí, kì í dákẹ́. Ó lè fò ó. Kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Ohùn bíńgò kan náà yẹn ló fi kà á, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀:

"Thayer, má ṣe jẹ́ kí wọ́n ka apá kẹrin sókè. Àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ti darúgbó. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè wá lẹ́jọ́, wọn kò ní wà láyé dọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Bí ìyàwó ọ̀kan nínú wọn bá ń sunkún, di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó máa ń dára nínú àwòrán. Ilé inú igbó ti wà ní sẹpẹ́ fún ọ láti ọjọ́ Ẹtì. Mú àwọn ọmọ dání."

Ẹ̀pà bọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ojú Lockridge pọ́n bí ata. Ààrẹ Ilé ń fi òòlù lu tábìlì bí ẹni ń pa ejò. "Akàwé! Dákẹ́! Ó tó!"

"Ọlọ́lá, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí gbogbo ilé gbà kí n tó lè dúró," ni Àǹtí wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ni kò gbà?" Ààrẹ Ilé wo yíká.

"Èmi," ni Fansler wí. Kò tilẹ̀ dìde.

Àǹtí bá kà á tán, títí dé nọ́ńbà fóònù lọ́yà Brannock tó wà nísàlẹ̀.

Opó kan láàárín wa ló kọ́kọ́ ju nǹkan, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa. Wọ́n lé wa jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì pa ìjókòó dé láìdìbò. Òfin náà kú lọ́jọ́ náà.

Ẹ má tíì jó. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pe Àǹtí, wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti darúgbó. Wọ́n ra ẹ̀rọ kan tó ń kàwé. Ojú ìwé ọgọ́rùn-ún ni ó ń kà ní ìṣẹ́jú kan, bí oyin tí wọ́n há mọ́nú agolo. Òfin sọ pé kí wọ́n kà á sókè; òfin kò sọ pé kí ẹ̀dá alààyè gbọ́ ọ. Lockridge wọlé ìbò padà. Ó ní Ìtùnú Awakùsà ń bọ̀ lóṣù Ṣẹrẹ. Ó bọ́ sórí rédíò, ó ní obìnrin yẹn ló kọ ojú ìwé náà fúnra rẹ̀, pé ọ̀tá Amẹ́ríkà ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n jókòó ti Denzil nígbà tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Mo bi Àǹtí pé ṣé kò bínú ni. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra oògùn Denzil báyìí, ó sì ti padà sídìí bíńgò.

"Mo ń bínú," ló ní. "Bá mi gbé abọ́ yẹn wá."

Denzil ké láti orí àga rẹ̀, ẹ̀rọ ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Má gbé e wá o! Ẹ̀wà ló fẹ́ bù!"

Mo lọ sí ilé tí ìjọba ń kó ìwé pamọ́ sí, mo fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n gbé àbá òfin náà fún mi. Òfin ní ẹni tó gbé àbá wá gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kó tó dé ọwọ́ akàwé. Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọkànlá, Thayer Lockridge ló buwọ́ lù ú.