Ọ̀já Tí Màmá Dì Mọ́ Mi Níkùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń bèèrè mi. Àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé sí mi ní inbox pé láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìkómọ síbí, àwọn ò gbúròó mi mọ́, ṣé kò sí o? Kò sí. Mo wà láàyè. Ẹ sún mọ́ mi kí n ròyìn ibi tí mo wà àti ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Inú yàrá ni mo wà. Yàrá kan nílé ìyá ọkọ mi ní Apòmù, tó ní fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àti ìṣó kan lára ògiri tí ọ̀já kan máa ń wà lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀já yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí mo máa ń ránṣọ fún mọ̀ pé Ìkirè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìbàdàn ni Túndé ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, Sátidé ló máa ń wálé. Nígbà tí mo bí Ìfẹ́, àkọ́bí wa, ìyá Túndé ní kò sí bí òun ṣe máa fi ìyá ìkókó sílẹ̀ lóun nìkan, ni wọ́n bá kó èmi àti ọmọ lọ sílé wọn. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ìyá tèmi ti di olóògbé, ta ni ì bá bá mi wẹ ọmọ?

Màmá tọ́jú mi o! Ẹ má jẹ́ kí n di aláìmoore níbí. Omi gbígbóná láàárọ̀, omi gbígbóná nírọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ tó ta lẹ́nu. Wọn ò jẹ́ kí n ṣan abọ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ fún mi tán, wọ́n á mú ọ̀já òfì jáde, ọ̀já àtijọ́ tí wọ́n fi pọn ọkọ mi, wọ́n á fi dì mí láti abẹ́ ọyàn títí dé ìbàdí. Wọ́n á fi orúnkún tì mí lẹ́yìn, wọ́n á fà á, wọ́n á tún un fà, títí n ó fi ké. Nígbà náà ni wọ́n á ta kókó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

"Fara dà á, ìyàwó mi," ni wọ́n máa ń wí. "Ilé ọmọ gbọ́dọ̀ padà sáyè ẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá dì níkùn, ìyà ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Kókó yẹn ńkọ́? Láti kékeré ni mo ti ń fọwọ́ kan aṣọ àti òwú, mi ò rí irú ẹ̀ rí! Ó lọ́ mọ́ra, ó gba abẹ́ ara ẹ̀ kọjá, etí ẹ̀ ò sì hàn síta. Lọ́jọ́ kan mo tú u díẹ̀ kí n lè mí dáadáa, mo wá gbìyànjú láti ta á padà bó ṣe wà. Màmá wọlé, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ní ta ló tú u? Èmi tí mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta lábẹ́! Mo gbé apá sókè bí ọmọdé. Wọ́n tún un dì, èyí tó wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, mo rò pé mo ti gba òmìnira. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo gbé Ìfẹ́ dání, mo fẹ́ dìde lórí àpótí, ni orúnkún mi bá yẹ̀ lábẹ́ mi. Bí kì í bá ṣe pé Màmá wà nítòsí tí wọ́n fi apá méjèèjì gba ọmọ, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni ì bá forí gbá. Èmi fúnra mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn ni òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni mo ti lè gbé ọmọ mi. Bó bá ti mu ọmú tán, n ó dá a padà fún Màmá. Ká má tilẹ̀ sọ̀rọ̀ pé mo fẹ́ pọ̀n ọ́n! Wọ́n ní ìbàdí mi ò tíì lè gbé ara mi, ká tó wá sọ pé yóò gbé ọmọ. Àwọn ni wọ́n ń pọ̀n ọ́n kiri àdúgbò, èmi á wà lójú fèrèsé, n ó máa wo ọmọ mi lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ó dùn mí. Ó dùn mí ju ìrọbí lọ.

Mo tún ní àṣírí kan tí mi ò lè sọ. Bí mo bá ti sín, tàbí tí mo bá wúkọ́, ìtọ̀ á kàn yọ sí mi láṣọ. Ta ni kí n sọ ọ́ fún? Túndé ni? Bí mo bá ti ní yàrá yìí ti sú mi, á ní ṣé mo mọ iye obìnrin tó ń gbàdúrà kí wọ́n ní irú ìyá òun ni? Kí lèèyàn fẹ́ dáhùn sí ìyẹn? Ẹni tí wọ́n bá fìyà jẹ lè pariwo. Ẹni tí wọ́n ń kẹ́ ńkọ́?

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ni mo fi ń rí ìta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, bí a ṣe débẹ̀, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo, pẹ̀lú ìró méjì wọn nínú ooru yẹn! Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú pé àṣà àtijọ́ ò lè tán lára màmá yìí láéláé. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọlé fún abẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì kan bi mí pé báwo lara? Mo ní dáadáa ni. Ibẹ̀ náà ni mo ti sín, ni mo bá yára pa itan mi pọ̀. Obìnrin yẹn wo ojú mi, ó sì rọra sún mọ́ mi. Ó ní kì í ṣe èmi nìkan, pé kì í ṣe ohun ìtìjú, pé físíò kan, ìyẹn oníṣègùn iṣan ara, wà ní Ìkirè tó ń tọ́jú irú ẹ̀.

Ìkirè kẹ̀? Ìtòsí ṣọ́ọ̀bù mi! Mo parọ́ fún Màmá pé eku fẹ́ jẹ aṣọ oníbàárà, pé ó yẹ kí n máa lọ gbá ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rò ó títí, wọ́n gbà fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, pé kí n má gbé nǹkan kan, kí n sì padà kí ebi tó pa ọmọ. Ni mo bá wọ kẹ̀kẹ́.

Ọmọbìnrin kékeré ni físíò náà, Antì Físíò ni gbogbo wa ń pè é. Ó bi mí bí mo ṣe bímọ, bóyá wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá, ó sì yẹ ara mi wò. Ó wá fi ẹ̀rọ kan hàn mí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn, ó ní irin tí a lè dì mú níwájú. Wọ́n á tan án, á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni, gbogbo ara á sì máa gbọ̀n tẹ̀lé e. Ó ṣàlàyé pé bó ṣe ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ń jí iṣan itan àti ti ìbàdí, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ nìkan ò tó, mo gbọ́dọ̀ máa fún ìsàlẹ̀ mi pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra. Ó ní díẹ̀díẹ̀ la ó ṣe é.

Mo gorí ẹ̀. Mo tẹ orúnkún. Ó tan án, ó ní kí n mí síta. Mí síta báwo? Ọ̀já Màmá wà lábẹ́ gáùn mi, ó fún mi pinpin! Ńṣe ló dà bíi pé gbogbo ohun tó wà níkùn mi ń wá ọ̀nà àtijáde nísàlẹ̀. Ojú mi ṣú. Kí n tó lanu sọ̀rọ̀, ìtọ̀ ti dà sórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ.

Ó pa á kíá, ó mú mi jókòó. Kò pariwo, kò sì wo ilẹ̀. Ó kàn fọwọ́ kan ikùn mi, ó ní, "Antì, kí lẹ dì sábẹ́ aṣọ tó le bí igi báyìí?"

Mo sọ fún un. Ó ní èèyàn lè fi aṣọ gbé ikùn díẹ̀, kò burú, àmọ́ èyí tí mo dì yìí, ìsàlẹ̀ tí kò lágbára ló ń ti gbogbo ẹrù sí. Ó ní kí n tú u.

Mo ní mi ò lè tú u. Ó bi mí pé kí ló dé? Mo ní bí mo bá tú u, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó ẹ̀, Màmá á mọ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ẹ̀rín pa mí, ni ẹkún bá tẹ̀ lé e. Àgbàlagbà bíi tèmi, ìyá ọmọ, ọ̀gá oníṣẹ́, kókó aṣọ ló ń bà mí lẹ́rù! Ó ní òun ò ní fipá mú mi, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé mi sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀já yẹn mọ́. Mo padà sí Apòmù bí mo ṣe wá.

Lọ́jọ́bọ̀, mi ò lọ. Mo purọ́ pé orí ń fọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wà lójú fèrèsé mi, Màmá pọn Ìfẹ́, wọ́n ń jó fún un lẹ́yìnkùlé. Ni ọmọ mi bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó máa dún lẹ́nu ẹ̀! Ẹ̀yìn Màmá ló ti rín in, èmi tí mo bí i ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo sọ fún ara mi pé ó tó.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ọwọ́ ara mi ni mo fi tú kókó yẹn níwájú Antì Físíò. Mo mí. Ẹ̀yin ará, mo mí! Ó tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ní kí n sinmi, ó tún tan án. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o, ẹ má gbọ́ mi gbọ́ òdì. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, itan mi kàn ń gbóná ni, bíi pé ó ti jí lójú oorun.

Mi ò dì í padà. Nígbà tí mo délé, mo ká ọ̀já náà, mo gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì níbi tí Màmá máa ti rí i.

Wọ́n wọlé, wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ pa ara ẹ sílé mi ni?" Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀: pé kò sí eku ní ṣọ́ọ̀bù, pé orí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ni mò ń lọ, pé ìtọ̀ ń yọ sí mi láṣọ láti ìgbà tí mo ti bímọ. Mo ń retí kí wọ́n pe Túndé lórí fóònù.

Màmá jókòó.

"Ṣé ó ń yọ sí ẹ láṣọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Èmi, láti ìgbà tí mo ti bí Túndé ni."

Ẹ gbọ́ o, Túndé ti lé lọ́gbọ̀n ọdún! Wọ́n ní nígbà tí àwọn bí i, kò sẹ́ni tó di ikùn fún àwọn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi padà sóko kòkó lọ́nà Wásinmi, tí wọ́n ń ru ẹrù. Ilé ọmọ wọn sọ̀ kalẹ̀, kò sì padà mọ́. Wọn ò sọ fún bàbá Túndé títí bàbá fi kú. Wọ́n ní àwọn búra pé ìyàwó ọmọ àwọn kò ní rí irú ẹ̀.

Mo wo ìró méjì tó wà lára wọn. Mo rántí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa ń jókòó sí níbi gbogbo, kí wọ́n lè tètè jáde. Èmi tí mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín! Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè.

Wọn ò sọ pé kí n máa lọ, wọn ò sì sọ pé kí n má lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n wẹ̀ fún mi, wọ́n mú ọ̀já, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi kọ́ ìṣó padà.

Mo ń lọ, mo ń bọ̀. Nílé náà mo ń ṣe ti ìjókòó-ìdìde tí wọ́n kọ́ mi. Ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mìíràn á dà bíi pé mi ò kúrò lójú kan. Títí Màmá fi gbé àpótí síwájú mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n jókòó kí n dìde, láìfọwọ́ ti ilẹ̀. Mo ṣe é. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n mú ọ̀já lórí ìṣó, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé Ìfẹ́ lé mi lẹ́yìn. Wọ́n rọra ta kókó náà, wọ́n tú u, wọ́n tún un ta kí n lè rí bí ó ṣe ń lọ. Èmi àti ọmọ mi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo rìn dé ìdí ọ̀pẹ tó wà lọ́nà, mo sì rìn padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ìyá ìkókó, bí nǹkan kan bá ń ṣe yín nísàlẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ má kàn lọ gorí ẹ̀rọkẹ́rọ o, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ yín wò ná. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ta lẹ sọ ọ́ fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó ka gbogbo ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan nínú ìjọ ló ń bèèrè pé ṣé Antì Físíò máa ń gba àgbàlagbà? Mo lọ bèèrè. Ó ní kí ọ̀rẹ́ náà kọ́kọ́ wá kí òun àti dókítà wò ó, pé ó lè má jẹ́ ẹ̀rọ ló máa bá a mu, ṣùgbọ́n pé ìtọ́jú wà. Mo jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní, "Ó ní Ọjọ́bọ̀ ló máa rọ òun lọ́rùn."

Mo ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí sí wọn létí kí n tó gbé e síbí. Wọ́n ní kí n gbé e síta, pé ọ̀rẹ́ àwọn ò ní bínú. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ̀wé sí mi lọ́jọ́bọ̀ tí mi ò tètè dáhùn, ẹ má bínú. Èmi ni mo máa pọn Ìfẹ́, n ó sì máa di ọ̀rẹ́ Màmá lọ́wọ́ mú lọ sí Ìkirè.