Àbúrò Mi Láàárín Àwọn Òpó Òkúta

Kí ẹ tó ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún yín pé ara mi yá lọ́jọ́ náà, orí mi sì pé. Mùsùlùmí ni mí, mo mọ ohun tí ìbúra jẹ́. Wallahi, ojú mi méjèèjì yìí ló rí i.

Peckham nílùú ọba ni mò ń gbé, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Àbúrò mi ọkùnrin, Lukman, ń kàwé ní Cyprus, erékùṣù kan láàárín òkun. Àwa méjì péré ni Mummy bí. Nígbà tó di ọjọ́ kọkàndínlógún tí fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, tí Mummy ń sunkún sí mi létí láti Ìjẹ̀bú-Òde ní àràárọ̀, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo wọ bàlúù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri. Ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa retí. Omi àti àdúà ni mo fi ń gbé ẹ̀mí ró.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Waheed, tí òun àti Lukman jọ ń gbé yàrá, sọ fún mi pé Lukman fẹ́ràn àtimáa jókòó níbi ìlú àtijọ́ kan tó ti di ahoro létí òkun. A wọ bọ́ọ̀sì lọ. Gbogbo ọ̀nà ni òkun ń bá wa rìn, omi búlúù, iyanrìn funfun, àwọn òyìnbó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi sí wọn, kí n má purọ́.

Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ọ̀sán gangan.

Waheed dúró lẹ́nu géètì, ó ń fi fọ́tò han àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi nìkan wọlé. Òpó òkúta lọ súà, ère tí kò lórí, ilé ìwẹ̀ àwọn ará àtijọ́ tí koríko ti bò. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ bíi wèrè.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Ó kẹ̀yìn sí mi láàárín òpó méjì, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí mo rà fún un ní Rye Lane ládùúgbò mi. Oòrùn yẹn lè yan ẹ̀pà, jákẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Mo sáré. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń rìn jẹ́jẹ́, èmi ń sáré, mi ò lé e bá. Ibi tí òkúta ti pin tí òkun bẹ̀rẹ̀ ló ti dúró. Omi ń kán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tó dúró lé gbẹ táútáú.

Mo ní, “Lukman, èmi ni. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Kò yíjú. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. “Aunty mi, ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ sọ fún Mummy, bí mo bá kanlẹ̀kùn, kí wọ́n má ṣí i.”

Mo nawọ́ sí i, mo kọsẹ̀, mo ṣubú. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan. Waheed ló wá fà mí dìde. Ó ní òun ń wò mí láti òkèèrè, èmi nìkan lòun rí.

Orí òkúta yẹn ni mo ti pe Mummy. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́, Lukman ti dé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló kanlẹ̀kùn, kò gbé ẹrù kankan, ó ń sùn ní yàrá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Waheed tú àpótí Lukman. Pasipọ́ọ̀tù rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ó ti di oṣù kẹta báyìí. Mummy ní ó ń jẹun, ó kàn jẹ́ pé kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá fi fídíò pè, wọ́n á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn, wọ́n bínú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ni. Ṣé kí n lé ọmọ mi síta ni?”

Láti Jímọ̀ tó kọjá, wọn ò gbé fóònù mi mọ́. Aládùúgbò wa ní ilẹ̀kùn wà ní títì, ṣùgbọ́n àwọn ń gbọ́ ohùn èèyàn méjì nínú ilé.

Sátidé ni mò ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò mọ ohun tí màá bá. Ẹ bá mi ṣàdúà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni yín, bó bá ṣàdédé dé, ojú fèrèsé ni kí ẹ ti bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wá. Bí kò bá lè dáhùn, bó ti wù kó dùn yín tó, ẹ má ṣílẹ̀kùn.