Àgò Onílé ní Etí Òkun

"Àgò onílé o!"

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń kígbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onípákó kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń gbọn etí gèlè wọn pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Wọ́n fi ìgbálẹ̀ há abíyá, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n sì dúró pẹ́, bí ẹni pé onílé ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá àgbà, kò mà sí èèyàn níbẹ̀!"

"Ìyá mi, ta ló bi ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè mí, ìyá mi. "Ilé tó ti ń dá sùn láti ìgbà òtútù, ṣé o fẹ́ já wọ inú rẹ̀ bí olè ni?"

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi èjìká ti ilẹ̀kùn, nítorí omi òkun ti mú kí pákó rẹ̀ wú. Òórùn tó pàdé wa dà bíi ti aṣọ tí a ká sínú àpótí kó tó gbẹ tán, tí a wá ju káńfọ̀ lé lórí.

Ilé onípákó mélòó kan ni àwọn òbí mi ní ní etí òkun, ní agbègbè Kent nílẹ̀ Òyìnbó. Bàbá arúgbó Òyìnbó kan tí bàbá mi máa ń bá kun ọ̀dà ló tà á fún wọn, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò fẹ́ ẹ. Láti ọdún Àjíǹde títí ewé fi máa ń wọ́, àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun la máa ń fi wọ́n háyà fún. Bí òtútù bá dé, bàbá mi á fa gbogbo omi inú páìpù dànù kí yìnyín má baà bẹ́ wọn, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì padà sí fúláàtì wa ní Peckham.

Bí ìgbà ìrúwé bá ti ń kan ilẹ̀kùn, gbogbo wa á kó sínú ọkọ̀ a ó lọ tún ibẹ̀ ṣe. Bàbá mi á rá wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú sípánà láti dá omi padà sínú páìpù, a ó kàn máa gbọ́ ohùn wọn nísàlẹ̀ pé, "Ẹ ṣí i! Ẹ tì í! Mo ní kí ẹ tì í!" Ìyá mi á máa na aṣọ ibùsùn sórí okùn. Èmi ni mo ń fi fínígà àti ìwé ìròyìn nu gíláàsì fèrèsé títí á fi máa dún. Ìyá àgbà á gbé fóòmù jáde, wọ́n á fi igi lù ú kí eruku jáde, wọ́n á wá wo òkè, wọ́n á ṣépè fún oòrùn ilẹ̀ Òyìnbó: "Ìwọ yìí, ojú lásán lo ní. Bí àbúrò rẹ tó wà nílé bá rí ọ, ojú á tì í."

Àmọ́ iṣẹ́ wọn gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí àlejò kankan tó dé, Ìyá àgbà gbọ́dọ̀ sùn nínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dáná níbẹ̀. Wọ́n ní yàrá tí kò gbọ́ èémí ènìyàn ní gbogbo ìgbà òtútù, a kì í sọ àlejò sínú rẹ̀; ará ilé ní í kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Bí mo bá ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí èmi náà bí, wọ́n máa ń pe èyí ní ìgbàgbọ́ asán. Mo máa ń rọra tún un ṣe fún wọn. Ẹni tó bá sùn nínú yàrá ló ń mọ fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, bẹ́ẹ̀dì tó ń dún, àti ibi tí òrùlé ti ń jò. Láàárọ̀, Ìyá àgbà á wá jábọ̀ fún bàbá mi bí dókítà tó yẹ aláìsàn wò, bàbá mi á sì béèrè pé, "Màmá, kí ló tún kù?"

Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń retí láti ọdún dé ọdún. Ní Peckham, kò sí ẹni tó ń bi wọ́n ní nǹkan kan. Àwọn òbí mi á lọ síbi iṣẹ́, èmi á lọ sí ilé-ìwé, Ìyá àgbà á sì jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà gígùn tó so àwọn fúláàtì pọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń kí: "Ẹ kú àárọ̀ o." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í gbójú sókè. Bí mo bá dé láti ilé-ìwé, wọ́n á ti kí èèyàn títí ohùn wọn á fi há.

Ní ọdún kan, ilé tó kẹ́yìn ni wọ́n sùn sí nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀la. Òjò ń rọ̀, wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé pa. Wọ́n se ọbẹ̀ tó ní irú àti ẹja gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n máa ń sè nílé. Òórùn rẹ̀ wọ inú kọ́tìnnì, ó wọ inú ìrọ̀rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin Òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n máa ń wá lọ́dọọdún ṣí ilẹ̀kùn. Obìnrin náà fi áńkáṣíìfù bo imú. Wọn kò já ẹrù wọn sílẹ̀ rárá; wọ́n yí ọkọ̀ padà.

"Ìyá, ẹ wò ó," ni ìyá mi wí. "Mo bẹ̀ yín, mo ní kí ẹ kàn se omi tíì."

"Ìyàwó mi, mo fẹ́ kí ilé náà máa rùn bí ilé ni."

"Bí ilé ta ni, Mà?"

Ìyá àgbà gbé ojú kúrò lára ìyá mi. Wọ́n wo bàbá mi. Bàbá mi ń nu sípánà tí kò dọ̀tí.

"Màmá," ni bàbá mi wí, "lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó kúkú sinmi."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó rẹ̀ mí?"

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ lọ láìsí Ìyá àgbà. Ikọ́ ń dà mí láàmú, àwọn òbí mi ní kí n dúró ti Ìyá àgbà nílé. Láti ẹnu fèrèsé ni a ti ń wò títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìyá àgbà dúró díẹ̀, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìrọ̀rí àti ìgbálẹ̀. Wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn òbí mi.

"Àgò onílé o!"

Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ̀rín kò pa mí lọ́jọ́ yẹn. Mo gba abẹ́ ọwọ́ wọn wọlé, mo dúró sáàárín yàrá, mo sì dáhùn pé, "Àgò yà o! Ẹ máa wọlé, Mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Wọ́n wá fi etí gèlè nu ojú. "Ìyá mi, o ṣeun. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti dá mi lóhùn ní ìlú yìí."

Ní gbogbo ìgbà tí àwọn òbí mi fi wà létí òkun, a sùn ní gbogbo yàrá inú fúláàtì náà káàkiri, títí kan pálọ̀. Láàárọ̀, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ìyá àgbà, kí ló tún kù?" Wọn kì í ṣàìrí nǹkan kan sọ.

Ìyá àgbà ti lọ. Bàbá mi ta àwọn ilé onípákó náà, ìjọba sì ti wó fúláàtì wa. Ilé kan nítòsí Peckham Rye ni mo ń gbé báyìí, èmi nìkan. Bí òdòdó bá ti ń yọ lórí pápá ńlá tó wà níbẹ̀, mo máa ń ṣí fèrèsé, mo máa ń gbé ìrọ̀rí mi láti yàrá ọmọ kan dé ti èkejì, n ó sì sùn níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi pè láti Kánádà lọ́jọ́ kan lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe nínú yàrá mi? A ò tíì sọ pé à ń bọ̀ o."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Fèrèsé rẹ ló ń gba atẹ́gùn wọlé. Mo ti rí i."

Kí n tó wọlé, mo máa ń kan ilẹ̀kùn, mo máa ń kí ilé. Mo máa ń dúró pẹ́ bí Ìyá àgbà ti ń dúró, mo sì ti mọ bí ìdúró yẹn ṣe máa ń rí lára. Lẹ́yìn náà, mo máa ń gbé ohùn sókè, mo máa ń dá ara mi lóhùn, nítorí mo ti mọ̀ láti kékeré pé kò dára kí ẹni tó kí ilé dúró lẹ́nu ọ̀nà láìgbọ́ ìdáhùn.